Ìpè Ìrun Alásárì Tí Mo Fi Sínú Fíìmù

Mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni. Gbólóhùn tí mo ti ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ náà wá nìyẹn, bí mo bá ń fọ abọ́, bí mo bá wà lẹ́yìn ọ̀kadà, bí mo bá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì tí pásítọ̀ ń wàásù tí mi ò gbọ́ ohun tó ń wí. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀. Òótọ́ náà ò sì ṣe mí láǹfààní kankan. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí ibi tí ẹ̀bi mi wà gan-an, torí kì í ṣe ibi tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ rò ni.

Nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ayé, kámẹ́rà wa sì ṣì ń lo káṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo háyà ní Ìtamágà, ní Ìkòròdú, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta ike àti pánù. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mò ń fi kámẹ́rà yà láti rí oúnjẹ òòjọ́. Mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé lọ́jọ́ kan, màá ṣe fíìmù tí ẹnikẹ́ni ò ní jó nínú ẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan wá bá mi pé kí n ṣe fíìmù nípa àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, kí àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, inú mi dùn dẹ́yìn. Ó ń tì mí lójú báyìí, bí inú mi ṣe dùn tó. Ìyà ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá fún mi, mo sì gbà á bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ọkùnrin kan ló ń bá mi gbé kámẹ́rà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, mùsùlùmí, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi sì rèé, ẹnu mi kì í sinmi. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mi ò bá sí níbẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé kámẹ́rà ló ń gbé òun kiri. Á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Màdáámú, ẹ ṣáà máa sọ tiyín."

Obìnrin mẹ́rin la bá sọ̀rọ̀. Méjì wà nínú ìlú Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan ní Ẹ́jìnrìn tó ní òun ò ní fi ojú òun pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ létí ọ̀sà, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó sì sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un nígbà èwe rẹ̀, bí ẹni ń júwe ọ̀nà oko. Ẹ̀kẹrin ni ọmọbìnrin tí mò ń sọ yìí.

Ọmọ Ìkòròdú ni, ọmọ onílé, mùsùlùmí. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ilé-iṣẹ́ kan ní àgbègbè tí wọ́n kó àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá jọ sí ló ti ń di bísíkíìtì sínú páálí. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń gbé, àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin sì wà ní òpópó kejì sí wọn. Àbúrò ìyá yìí ló mú un wá bá wa. Bàbá, mi ò tíì fojú kàn án rí nígbà náà.

Ọdún márùn-ún ṣáájú ìgbà náà ni bàbá mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́ pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń dún. Ilé ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ń gbé. Ohun tí ọ̀gá náà ṣe fún un, mi ò ní tún un sọ níbí. Ó ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì tó. Ó sá wálé. Kò rí ẹnu sọ ọ́, ó kàn ní òun ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà mọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sá, ọ̀lẹ ni gbogbo ayé máa pè é, òbí rẹ̀ náà á sì fà á lọ́wọ́ padà, á bẹ ọ̀gá, kí ọ̀gá má baà lé e, kí ọjọ́ fríìdọ̀mù má baà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí bàbá ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ sá wálé, ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá mú un padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá náà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, bí òbí púpọ̀ ṣe máa ń wí, "Ẹ bá mi nà án dáadáa, kí orí rẹ̀ lè wálé." Ìgbà kẹta, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló sá lọ, ó sì la ẹnu. Obìnrin náà gbọ́n. Ó lọ bá bàbá pé dókítà ní ojú ọmọ náà ò lè gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Bàbá gbà. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ìdí tí kò fi parí lọ́kàn ọmọ náà ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mìíràn ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn. Nítorí wọn ló ṣe gbà láti bá wa sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó fi nǹkan kan síwájú wa kó tó gbà.

Ó ní, "Àǹtí, bàbá mi ò gbọ́dọ̀ mọ̀."

Mo ní, "Ṣé nítorí kó má baà lọ bá ọkùnrin yẹn jà ni?"

Ó mi orí. "Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú mi padà, ẹ̀ẹ̀mejì. Bí bàbá mi bá gbọ́, kì í ṣe ọ̀gá yẹn ló máa kọ́kọ́ bínú sí. Ara rẹ̀ ni. Kò ní lè gbé e, Àǹtí. Èmi mọ bàbá mi."

Mo ṣèlérí. Mo kúkú mọ ìlérí ṣe. Mo ní a ò ní fi ojú rẹ̀ hàn, a óò yí ohùn rẹ̀ padà, a ò ní dárúkọ ọ̀gá, a ò ní dárúkọ àdúgbò, ohunkóhun tó bá ní ká yọ, yíyọ ni. Òun fúnra rẹ̀ ní nígbà tóun bá ń sọ̀rọ̀, òun ò ní sọ pé bàbá òun, "ẹni tó mú mi wá" lòun máa pè é. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbóríyìn fún un pé ó gbọ́n.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan la yà á, nínú yàrá àbúrò ìyá rẹ̀. A gbé e jókòó kó kẹ̀yìn sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ti ẹ̀yìn wá, ojú rẹ̀ sì dúdú pátápátá. Máìkì kékeré kan la so mọ́ híjáàbù rẹ̀ láyà. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, jẹ́ẹ́jẹ́, kò sunkún. Ó sọ bó ṣe sá, ó sọ bí ẹni tó mú un wá ṣe fà á padà. Ó dé ibi ìgbà kejì, ó ní, "A dé iwájú ṣọ́ọ̀bù náà," ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Alásárì ní mọ́sálásí tó wà lẹ́yìn ilé.

Ó gbé ọwọ́ sókè sí wa, pé ká dúró.

Ẹni tó ń gbé kámẹ́rà fún mi na ọwọ́ láti pa á. Mo mi orí fún un. Mo tún fi ọwọ́ ṣe é, pé kó jẹ́ kó máa lọ. Ó wò mí, ó wo ọmọ náà, ó yọ ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Létí tèmi nígbà náà, ìpè ìrun kan ò yàtọ̀ sí òmíràn, ariwo ìlú ni, bíi ti agogo iléèwé. Àmọ́ ti ọjọ́ yẹn mú mi. Ohùn àgbàlagbà ni. Ó máa ń fa ọ̀rọ̀ ìparí gùn títí tí á fi fẹ́ já, á wá wúkọ́ díẹ̀, á tún gbé òmíràn. Ọmọ náà tẹ orí ba. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń dá ìpè náà lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì ń ká àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni ń ka gbólóhùn ìpè náà. Mo wo inú kámẹ́rà. Nínú ọkàn mi, mo ní, "Fíìmù mi ti dé."

Nígbà tí ìpè parí, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ pa á nígbà tí wọ́n ń pe ìrun, àbí?"

Mo ní, "A pa á."

Ọkùnrin kámẹ́rà wo ilẹ̀.

Kò jọ pé ó gbà mí gbọ́ tán. Ó ní, "Bó bá wà níbẹ̀ náà, Àǹtí, ẹ yọ ọ́. Ibi ìpè yẹn, mi ò fẹ́ kó wà níbẹ̀." Mo ní kò ní sí níbẹ̀. Mo rò pé nítorí ẹ̀sìn ni, pé kò fẹ́ ká da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run pọ̀ mọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Mi ò bi í. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró, ó ní, "Ó dọ̀bálẹ̀ fún un."

Oṣù méjì ni mo fi gé fíìmù náà nínú pálọ̀ mi, lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò láti inú òkú kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin wá wò ó nígbà tó ti fẹ́ẹ̀ parí. Olórí wọn ní ó dáa, àmọ́ ó gbẹ. Ó gbẹ! Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n lọ tí mo fi lọ fa káṣẹ́ẹ̀tì Ọjọ́bọ̀ yẹn yọ.

Ẹ gbọ́ àwáwí tí mo ṣe fún ara mi. Mo ní ohun tó ní ká yọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Mo ní ojú rẹ̀ ò hàn. Mo ní ìpè ìrun ò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú. Mo yí ohùn rẹ̀ padà, ó nípọn, ó dà bí ohùn ọkùnrin tí òtútù mú. Nígbà tí mo dé ibi ìpè, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, torí mo rò ó pé bí mo bá yí ohùn ìpè ìrun padà, àwọn mùsùlùmí á ní mo ń fi ẹ̀sìn wọn ṣe ẹlẹ́yà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpè náà. Ọmọ tó bẹ̀ mí ni mi ò bọ̀wọ̀ fún.

Nígbà tí ọkùnrin kámẹ́rà wá wò ó, ó ní, "Màdáámú, ẹ sọ fún un pé kò ní sí níbẹ̀."

Mo kanra mọ́ ọn. Mo ní, "Ṣé ìwọ lò ń gé fíìmù ni?"

Ó ní rárá. Ó mu omi tó kù nínú ife rẹ̀, ó sì lọ sílé. Èmi jókòó, mo tún ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sunkún, inú mi sì dùn sí ẹkún náà.

Ẹ̀pẹ́ la ti kọ́kọ́ fi hàn. Ó lọ dáadáa, tí mo bá ní kí n sọ òótọ́ gbogbo. A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìlú mọ aránṣọ tí ọ̀rọ̀ ń bá wí, ìyá méjì tí ọmọ wọn ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn lọ kó ọmọ wọn kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Àwọn èèyàn máa ń sọ èyí fún mi bí wọ́n bá rí i pé ojú mi rẹ̀wẹ̀sì. Wọn ò purọ́. Àwọn ìyá yẹn ì bá ti lọ kó ọmọ wọn láìsí ìpè ìrun kankan nínú fíìmù. Ibi tí mo ti ń bá ara mi jà nìyẹn.

Ó wá ku Ìkòròdú. Gbọ̀ngàn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la gbà, ní ọ̀sán Sátidé. Ọmọ náà pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ó ní òun ò ní wá, pé òun wà níbi iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ ti yọ gbogbo ohun tí mo ní kẹ́ ẹ yọ, àbí?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ pátá."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Ó tún gbàdúrà fún mi.

Ẹgbẹ́ obìnrin ti fi ìwé pe àwọn lèmọ́mù àti àwọn pásítọ̀ àdúgbò. Lèmọ́mù mọ́sálásí kan ò gbádùn, ó rán ládàánì rẹ̀ wá, bàbá kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ jalamíà tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Èmi ni mo kúnlẹ̀ kí i. Èmi ni mo mú un lọ sí àga iwájú, tí mo fún un ní ìgò Fáńtà kan. Ó ní, "Ọlọ́run á gbé iṣẹ́ yín lékè." Ohùn tó fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ kéré, ó rọ̀, kò sí bí mo ṣe lè fi mọ̀ ọ́n.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹ́jìnrìn sọ tirẹ̀. Àwọn méjì ará Ẹ̀pẹ́ sọ tiwọn. Ó kan ọmọ wa, òjìji dúdú níwájú fèrèsé. Ó ní, "A dé iwájú ṣọ́ọ̀bù náà." Ìpè ìrun wọlé.

Gbọ̀ngàn mì díẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn sọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú, ó ní, "Ládàánì wa nìyẹn." Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn wo bàbá tó jókòó níwájú, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí wọ́n ń fi àwòrán rẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Inú mi dùn, ẹ gbọ́ mi yé. Mo rò pé a ti yẹ́ bàbá sí. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀. Lórí aṣọ funfun tá a ta sára ògiri, ọmọ náà ń ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àtẹ́lẹwọ́, ohùn bàbá ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ó wúkọ́ díẹ̀, ó gbé òmíràn. Ìpè parí. Ohùn nínípọn tí mo ṣe fún ọmọ náà wá ní, "Ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, ẹ bá mi nà án dáadáa, kí orí rẹ̀ lè wálé."

Ẹ̀rín náà ò kúrò lójú bàbá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó wá tẹ̀ ba, ó gbé ìgò Fáńtà tí kò tíì ṣí sí abẹ́ àga, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà ró. Kò dìde. Ó wo fíìmù náà tán.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń béèrè ìbéèrè, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ilé wo lẹ ti gba ohùn tèmi yẹn sílẹ̀?"

Mo fi ìgbéraga dá a lóhùn. Mo ní, "Àṣírí ni, sà. A kì í sọ ilé àwọn tó bá wa sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi pa á mọ́." Ó sì lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọ náà ni, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Mo ní kó mu omi, kò mu ún.

Ó ní, "Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Àbí ó yé mi, mi ò fẹ́ kó yé mi. Ó sọ ọ́ tán. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, bàbá wọ yàrá rẹ̀ wá, ó ṣí fìlà, ó kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú rẹ̀. Ó ní kí bàbá dìde, bàbá ò dìde. Ó fà á lápá, bàbá wúwo. "Mi ò lè wà lóòró kí bàbá mi wà nílẹ̀, Àǹtí. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi náà bá wolẹ̀. Àwa méjèèjì la wà nílẹ̀ tí àbúrò ìyá mi fi wọlé bá wa. Láti àná, kò lè wo ojú mi. Èmi náà ò lè wo tirẹ̀. Ohun tí mò ń sá fún láti ọdún wọ̀nyí nìyẹn."

Mo ní, "Mi ò mọ̀ pé bàbá ẹ ni ládàánì náà."

Ó wò mí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀ dáadáa, nínú ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní kẹ́ ẹ mọ̀. Mo ní kẹ́ ẹ yọ ọ́."

Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo dúró síbẹ̀, mò ń di etí ìró mi mú. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ, nítorí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo yọ ibẹ̀ nínú fíìmù. Mo gé e lọ́jọ́ kan náà, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni iṣẹ́ tó bẹ̀ mí pé kí n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Fíìmù náà ò sì bàjẹ́ nítorí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́yìn náà tó ní ó gbẹ.

Bàbá ò pe ìrun mọ́. Ó sọ fún wọn ní mọ́sálásí pé ọ̀fun ń dun òun. Wọ́n fi ẹlòmíràn sí i, ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń yára bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti ìgbà náà. Mo ti mọ ìpè kan yàtọ̀ sí òmíràn báyìí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọkùnrin méjì wá láti mọ́sálásí náà. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé èmi ni mo gba ohùn ládàánì àwọn sílẹ̀, pé ó mọ́ kedere, ṣé mo lè bá àwọn ṣe é sínú káṣẹ́ẹ̀tì ńlá, káwọn lè máa gbé e sí sípíkà, torí àárò ohùn bàbá ń sọ àwọn. Wọ́n ní bàbá fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé àwọn wá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Mo gbé kámẹ́rà àti káṣẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà, ní yàrá àbúrò ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ní òun ò fẹ́ rí mi. Lọ́jọ́ yẹn, ó jẹ́ kí n wọlé. Mo sọ ohun tí àwọn ará mọ́sálásí fẹ́. Mo ní bó bá ní rárá, rárá ni. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, màá gbọ́.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ ná."

Ó fi hẹ́dífóònù sí etí, lórí híjáàbù rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbi tí mo jókòó sí, àmọ́ mo mọ ibi tó dé, nítorí àwọn ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Nígbà tó parí, ó ní, "Mímí mi ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Mo ní, "Àyà ẹ ni máìkì wà. Ohùn bàbá gba ara ẹ wọlé ni."

"Ṣé ẹ lè yọ mímí mi kúrò, kó ku ohùn bàbá mi nìkan?"

Ohun tó rọrùn jù fún mi láyé ni kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Rárá. Wọ́n ti wọ inú ara wọn. Mi ò lè yọ ọ̀kan kí ìkejì má bàjẹ́."

Ó ní kí n tún un fi sí i. Mo tún un fi sí i. Ó di ojú. Ó ń gbọ́ ọ, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ọjọ́ yẹn, omi wá ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ṣí hẹ́dífóònù kúrò ní etí kan, ó ní, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, "Níbi tí bàbá mi ti ń pè é yìí, kò tíì mọ̀."

Ó ní kí n yọ káṣẹ́ẹ̀tì náà fún òun. Mo ṣí kámẹ́rà, mo yọ ọ́, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní màá lọ sọ fún àwọn ará mọ́sálásí pé kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Kò sí ẹ̀rọ tí ọmọ náà lè fi gbọ́ ọ nílé, mo mọ̀, òun náà mọ̀. Ó fi hańkáṣíìfù wé e, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ó sì ní kí n fa ilẹ̀kùn dé bí mo bá ń jáde.